Àwọn Tó Fi Ọwọ́ Òsì Mi Kọ́ṣẹ́

Ọjọ́ tí ọwọ́ òsì mi kú, róòbù ni mo fi pa á. Mo pa á dáadáa, láti èjìká dé ọmọńdinrín, mo fi aṣọ wé e, mo sì padà sídìí ọjà mi. Bí ẹ bá ń wá òmùgọ̀ tí ẹ máa fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ yín, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà.

Abossey Okai, ní Accra ní ilẹ̀ Gánà, ni mo ti ń ta páàtì mọ́tò, ó ti lé lógún ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀kì kan fún oníbàárà, ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo tún gbé e, ó tún bọ́. Kofí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alata, o ti ń darúgbó." Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Mo ní mo fi ẹ̀gbẹ́ sùn lé ọwọ́ náà ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ahọ́n mi wúwo bí ti ẹni tó da gààrí gbígbẹ sẹ́nu. Mo gbọ́ ohùn náà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ata inú wàákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà tí mo jẹ, ló fà á.

Kí n tún jẹ́wọ́ ìkejì. Wọ́n ti sọ fún mi tipẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, wọ́n sì fún mi ní oògùn tí n ó máa lò lójoojúmọ́. Mo lò ó títí ara mi fi yá, mo bá pa á tì, nítorí mi ò rí ìdí tí ẹni tí ara rẹ̀ yá á fi máa lo oògùn. Mo gbà nígbà náà pé ọsíbítù ni ikú ń gbé, àti pé bí ènìyàn kò bá débẹ̀, ikú ò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Mo wọ tròtró, ọkọ̀ akérò ibí, lọ sílé ní Sabon Zongo, mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó mi, Ìyá Kúdí, wò mí títí.

"Bàbá Kúdí, ẹnu yín ti lọ sápá kan."

Mo ní kó gbé díńgí wá. Mo wo ọkùnrin tó wà nínú díńgí náà, àánú rẹ̀ ṣe mí. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ òsì kò bá mi dìde.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ọwọ́ bá kú lójijì, bí ẹnu bá wọ́, bí ọ̀rọ̀ bá wúwo lẹ́nu, ẹ má fi nǹkan kan pa á, ẹ má sùn lé e lórí. Wákàtí yẹn gan-an ni kí ẹ gbéra lọ sí ọsíbítù. Mo ti sùn ún fún gbogbo yín.

Ní ọsíbítù, a kọ́kọ́ tò síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, a tún tò síbi fódà, fáìlì aláìsàn, a wá tò síbi tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sí àga oníkẹ̀kẹ́ kankan tó ṣófo. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà, mo fẹ̀yìn ti ìyàwó mi bí àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n gbé ti ògiri. Obìnrin Ashanti kan tó wà níwájú wa wo ẹnu mi, ó dìde, ó fún wa ní àyè rẹ̀ lórí ìlà. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó tún un wọ̀n, ó wá pe ẹlòmíràn kó wá wò ó. Ojú tí àwọn méjèèjì fi wo ara wọn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá róòbù.

Dókítà kò fọ̀rọ̀ gùn. Sitróòkù ni, àrùn rọpárọsẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kan ló dí nínú orí mi. Ó bi mí pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Mo ní àná, láàárọ̀. Kò bú mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Bí ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì bá dákẹ́ jù, n ó pe nọ́ọ̀sì kó lọ wò ó. Wọ́n rò pé aláàánú ni mí. Irọ́ ni. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ikú ti wọ yàrá náà ni, kí n lè tètè fi aṣọ borí bí ẹni tí kò sí nílé. Ti owó ńkọ́? Ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi la tà jẹ tán lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo délé, gbogbo ẹni tó mọ̀ mí di dókítà. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Nima gbé àgbo wá nínú ike méjì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mọ́sáláàṣì sọ pé wọ́n fi àrùn náà ránṣẹ́ sí mi ni, ó tilẹ̀ fẹ́ dárúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó má dárúkọ nítorí èmi àti onítọ̀hún ṣì jọ ń ṣòwò. Ìbátan wa tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gbé òróró wá. Ìyá Kúdí gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó dúpẹ́, ó tò wọ́n sábẹ́ tábìlì. Ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn ló ráyè dé ara mi: ọkùnrin kan tó ń fi omi gbígbóná jó ọwọ́ tó ti kú. Ó ní, "Tó bá ti gbóná jù, ẹ sọ." Mo dákẹ́, nítorí mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá. Ìyàwó mi ló rí i pé awọ ọwọ́ náà ti ń bó. Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ tí kò mọ gbígbóná, ẹ má fi iná dán an wò. Kò ní pariwo. Yóò kàn jóná ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo di ọba. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: bí àgbà bá na ọwọ́ sí ife, ọmọdé á ti gbé e fún un kó tó kàn án. Ká má wá sọ ti àgbà tó ń ṣàìsàn. Ìyá Kúdí ń wẹ̀ fún mi, ó ń fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu, ó ń wọṣọ fún mi. Ọmọ wa kan ṣoṣo, Kúdí, ti wà nílé ọkọ ní Kumasi, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé wa kò jẹ́ kí a nìkan wà. Bí mo bá mira lórí àga, ẹni mẹ́ta á sáré wá, wọ́n á fi apá tó kú yẹn fà mí dìde bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Èjìká mi ń ro mí tọ̀sán-tòru, mi ò mọ ohun tó fà á. Lóṣù méjì, ọwọ́ náà ti ká kò bí ẹsẹ̀ adìẹ tí wọ́n sè. Ìyàwó mi sì ti rù. Nígbà mìíràn, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kànrìnkàn lọ́wọ́, kò ní lè dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi, Alhaji, tó wà ní Èjìgbò, ni olórí ẹbí wa. Wọ́n pè lórí fóònù.

"Ìyá Kúdí nìkan kò lè máa gbé ọ. Bí mo bá dé lẹ́yìn Iléyá, tí o kò lè wọ aṣọ rẹ kí o sì dìde fúnra rẹ, ilé là ń lọ. Èèyàn pọ̀ nílé tó máa gbé ọ."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." Nígbà tí mo wà léwe ní Èjìgbò, ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan ti ìdálẹ̀ dé pẹ̀lú irú àrùn yìí. Wọ́n ń gbé e síta láàárọ̀, wọ́n ń gbé e wọlé nírọ̀lẹ́. Gbogbo ènìyàn ń kí i, kò sí ẹni tó ń bi í ní ohun tó fẹ́. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọdún mélòó kan ló fi jókòó sínú ìfẹ́ náà kó tó kú. Èmi kò fẹ́ lọ.

Ṣìkírá, ọmọ àbúrò mi tó ń gbé ní Nima, ló mú ọ̀nà mìíràn wá. Accra la bí i sí. Wọfa ló ń pè mí, bí àwọn Ashanti ṣe ń pe arákùnrin ìyá wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan lápá Kaneshie níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ máa tọ́jú aláàbọ̀ ara: ẹni tí kò lè rìn, ẹni tí kò ríran, ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò tètè gbé nǹkan. Ó ní olùkọ́ wọn ń wá ẹni tó ní àìsàn gidi tí àwọn máa fi kọ́ṣẹ́. Mo gbà kíá. Mo rò pé wọ́n máa wò mí sàn ni.

Wọn kò wò mí sàn. Olùkọ́ náà, Àǹtí Ayọkọ, obìnrin Gã tó sanra tí kì í gbé ohùn sókè, gbé mi kalẹ̀ ní iwájú kíláàsì, ó ní iṣẹ́ mi ni kí n máa wí nígbà tí ó bá ń dùn mí. Iṣẹ́ tó bá mi mu ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi kókó, ìyẹn ògì gbígbóná, bọ́ ara wọn, kí àwọn tó ń bọ́ni sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ọmọkùnrin kan tó ga bí òpó iná ni wọ́n ń rọ kókó sí lẹ́nu kó tó gbé ti àkọ́kọ́ mì. Ó fi ìbínú gbọn ṣíbí dànù.

"Ẹ ò tilẹ̀ bi mí bóyá ó gbóná."

Àǹtí Ayọkọ ní, "Kọ ìyẹn sílẹ̀. Kí gbogbo yín kọ ọ́."

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ronú ìgbà tí ẹnikẹ́ni bi mí kẹ́yìn bóyá ó gbóná.

Lẹ́yìn náà, ó ní kí òpó iná wá gbé mi dìde. Ó di apá òsì mi mú bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé, mo ké. Àǹtí Ayọkọ ní, "Ṣé o gbọ́? Ọwọ́ tí kò lè gbé ara rẹ̀, o fẹ́ fi gbé odidi ọkùnrin. Má fa ọwọ́ tó kú mọ́." Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe èjìká mi. Ó wá kọ́ wọn ní ohun tí èmi náà jókòó kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́: béèrè kí o tó fọwọ́ kan ènìyàn, sọ ohun tí o fẹ́ ṣe, lẹ́yìn náà, dúró. Ó ní dídúró ló nira jù, nítorí gbogbo ẹni tó wá síbi iṣẹ́ yìí ló ní àánú lójú, ọwọ́ aláàánú kì í sì í lè dúró.

Ṣìkírá gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni. Bí mo bá ti wọlé, á kúnlẹ̀ kí mi, láti orí ìkúnlẹ̀ yẹn á ti máa so okùn bàtà mi. Nígbà tí ìdánwò wọn dé, èmi ni wọ́n yàn fún un. Ó kàn ní láti ràn mí lọ́wọ́ kí n wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ti ọwọ́ tó kú bọ apá aṣọ ṣáájú, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ìyẹn dára. Bọ́tìnì mẹ́rin ló kù, tèmi nìyẹn. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún de ọ̀kan. Ó pẹ́. Nígbà tó kan ìkejì, mo kérora. Kí n tó pa ẹnu dé, Ṣìkírá ti de mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àǹtí Ayọkọ pa ìwé rẹ̀ dé. "Ṣìkírá, ta ni sitróòkù ṣe?"

"Wọfa ni."

"Ta ló de bọ́tìnì?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n. Ṣé kí n wá káwọ́ gbera kí n máa wò wọ́n níran ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí o bá lè jókòó fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, kò sí ẹni tí o kò ní lè jókòó fún. Lọ, kí o padà wá tún un ṣe nígbà tí àwọn tó kàn bá ń ṣe tiwọn."

Nínú tròtró, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún un.

"Ṣìkírá, ìkérora yẹn, irọ́ ni."

Ó yí ojú sí mi. "Wọfa, ó ń ṣe mí bíi kí n lù yín."

"Ọmọ kì í lu Wọfa rẹ̀."

"Ìyẹn ló yọ yín."

Òótọ́ ni mo sọ. Kò dùn mí. Ẹ̀rù ló bà mí. Nígbà tí ẹlòmíràn bá ń ṣe nǹkan fún ọ, o lè máa rò pé o lè ṣe é bí o bá fẹ́. Bí o bá gbìyànjú tí kò ṣe é ṣe, o ti mọ̀ nìyẹn. Mi ò fẹ́ mọ̀. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, mo ń fi ìkérora ra àyè láti má mọ̀, ìyàwó mi ló sì ń rù lé e lórí.

Ó ku nǹkan bí oṣù méjì kí Iléyá dé. Láti ọjọ́ kejì, Ṣìkírá ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá láàárọ̀ kó tó lọ sí kíláàsì. Á fa àpótí wá síwájú mi, á fi ìdí lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, á jókòó lé wọn lórí kí wọ́n má baà sá jáde. "Wọfa, mo ń dúró o." Ìyá Kúdí kò gbà rárá ní àkọ́kọ́.

"Ẹ fẹ́ kí àwọn ará ilé yìí máa sọ pé mo jókòó tí ọkọ mi ń bá ṣòkòtò jìjàkadì?"

Ṣìkírá ní, "Ìyá, ẹ ò ní jókòó. Ẹ lọ sí kíṣìnì."

Ó lọ. A ń gbọ́ bó ṣe ń la ìkòkò mọ́ra wọn níbẹ̀, nítorí kò lè wò ó, kò sì lè má gbọ́ ọ. Àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Obìnrin kan sọ lójú agbo pé ẹ̀kọ́ òyìnbó ti ba ọmọ yẹn jẹ́, pé ó ń wo àgbà bí ẹni wo fídíò.

N kò ní parọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi: kò dùn. Ó rẹ̀ mí títí dé egungun. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dìde lórí àga? Ẹ̀yin rò pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ fa ìdí wá sí etí àga, ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ẹ tẹ orí síwájú títí imú á fi kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀, nígbà náà ni ẹ tó tì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣubú padà sórí àga, ìkẹta ni mo ṣubú sílẹ̀. Àlùwàlá tí mo kọ́kọ́ dá ṣe, omi kẹ́tù tó dà sí mi lára ju èyí tó kan ojú mi lọ, àwọn ará mọ́sáláàṣì sì ti kírun tán. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo bú Ṣìkírá, tí mo ní ìkà ni. Ó túbọ̀ jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ ṣinṣin ni.

Báyìí ni mo ṣe wà lónìí. Ẹsẹ̀ òsì ń wọ́lẹ̀, mo ń fi ọ̀pá rìn. Ọwọ́ òsì lè di nǹkan mọ́lẹ̀ fún ọ̀tún, kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà sì ní ó lè má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń lo oògùn mi láràárọ̀, bí ara mi yá, bí kò yá. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù di ìyálẹ̀ta, mo máa ń bá Kofí jà díẹ̀, mo ń padà sílé. Ìyá Kúdí ti ń sanra padà. Ṣìkírá tún ìdánwò rẹ̀ ṣe, ó yege, ó ń tọ́jú bàbá kan tí kò lè sọ̀rọ̀ ní Dansoman. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ṣì ń fi èmi kọ́ṣẹ́, mo ṣì ń pariwo mọ́ wọn. Ìgbà mìíràn wà tí ó ń rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń wù mí kí ẹnìkan kàn gbé mi. Mo máa ń sọ ọ́ jáde, wọ́n á sì gbé mi lọ́jọ́ yẹn. Ìyàtọ̀ ni pé wọ́n ń bi mí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé èmi ni mo fi ẹnu borí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n dé lóòótọ́ lẹ́yìn Iléyá, pẹ̀lú mọ́tò tí wọ́n háyà láti Èjìgbò. Ìyá Kúdí ti di ẹrù mi, dẹ́rẹ́bà sì ti gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Alhaji dúró láàárín yàrá, wọ́n ní, "Ó dára. Wọ aṣọ rẹ kí n rí i."

Ṣìkírá kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde, ó fa àpótí rẹ̀, ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ lórí. Mo bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún wọlé. Mo de bọ́tìnì kìíní.

Alhaji ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o kò rí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni?"

"Mo rí wọn, Bàbá."

"Kí lo wá ń wò?"

"Mo ń dúró dè wọ́n ni. Bí wọ́n bá fẹ́ mi, wọ́n á pè mí."

Ẹ̀gbọ́n mi ju apá agbádá sí èjìká, wọ́n ń bọ̀ wá de é fún mi. Ṣìkírá dìde, ó dúró sáàárín àwa méjèèjì, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jókòó."

Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, kò sí ẹni tó sọ fún Alhaji pé kí wọ́n jókòó. Ìkòkò Ìyá Kúdí dákẹ́ ní kíṣìnì. Wọ́n wo ọmọ náà títí. Wọ́n jókòó.

Mo de ìkejì. Mo ṣi ìkẹta de sí ihò ìkẹrin, mo tú u, mo tún un de. Òógùn ń sun wọ ojú mi, mi ò kérora. Tíì tí wọ́n gbé fún Alhaji tutù sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí mo de ìkẹrin, mo fa ìdí wá sí etí àga, mo tẹ orí síwájú, mo dìde. Mo ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wò mí. Ṣìkírá ni wọ́n ń wò, bó ṣe jókòó tí omi lé ròrò sí i lójú, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lábẹ́ ìdí rẹ̀. Wọ́n gbé ife tíì náà sílẹ̀, wọ́n pe ìyàwó mi.

"Ìyá Kúdí, ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. A pọ̀ ní Èjìgbò, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wa tó lè jókòó bí ọmọ yìí ti jókòó."